Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ àti Ìdáríjì nínú Ìsìn Ìjọ Lutheran

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì jẹ́ apá kan nínú ìsìn Ìjọ Lutheran níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń sọ níwájú Ọlọ́run pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni àwọn, tí àlùfáà sì ń kéde fún wọn ní orúkọ Kristi pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jì wọ́n. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èkíní ni ìjẹ́wọ́ gbogboogbò, tí gbogbo ìjọ ń sọ pọ̀ ní ohùn kan, tí ó sì sábà máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn ọjọ́ Àìkú. Èkejì ni ìjẹ́wọ́ ti ìkọ̀kọ̀, tí ẹnìkan ṣoṣo ń ṣe lọ́dọ̀ àlùfáà. Nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìdáríjì tí etí ń gbọ́ ni ẹ̀kọ́ ìjọ yìí kà sí ohun tí ó tóbi jù, kì í ṣe iye ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnu lè kà. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí di òní, ìbéèrè kan náà ni ó wà lẹ́yìn gbogbo àyípadà tí ó ti dé bá ìlànà yìí: báwo ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dá lẹ́bi yóò ṣe mọ̀ dájú pé Ọlọ́run ti dárí jì òun?

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà "jẹ́wọ́" ní ju ìlò kan lọ. Ẹni tí a mú wá síwájú adájọ́ tàbí síwájú àwọn àgbà lè jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe, nígbà mìíràn nítorí pé a fi agbára mú un, irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ a sì máa ṣí ọ̀nà fún ìjìyà. Àwọn Kristẹni tún ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ìkéde ohun tí wọ́n gbà gbọ́, bí ó ti wà nínú orúkọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Augsburg, ìwé ẹ̀kọ́ pàtàkì tí àwọn ọmọ-aládé àti ìlú tí wọ́n tẹ̀lé Luther gbé síwájú Ọba Karl Karùn-ún ní ọdún 1530. Ìjẹ́wọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tí ó ń ṣe é kò sí lábẹ́ ìfipámúni, ohun tí ó sì ń ṣí ọ̀nà fún ni ìdáríjì.

Martin Luther, nínú Kátíkísìmù Kékeré rẹ̀, pín ìjẹ́wọ́ sí apá méjì: èkíní ni kí ènìyàn jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, èkejì ni kí ó gba ìtúsílẹ̀ láti ẹnu àlùfáà bí ẹni pé láti ẹnu Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó ti gbà á, láìṣiyèméjì. Ìtúsílẹ̀ ni orúkọ tí a óò máa pe ìkéde náà nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí àwòrán tí ó wà nínú rẹ̀ ni ti ẹni tí a tú kúrò nínú ìdè. Apá kejì yìí ni Luther kà sí pàtàkì. Apá kìíní jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe fún ènìyàn. Bí a bá fi ìwúwo gbogbo rẹ̀ sí apá kìíní, ọkàn kò ní sinmi láé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá òun ti jẹ́wọ́ tó.

Ìpìlẹ̀ nínú Bíbélì

Ẹsẹ Bíbélì mélòó kan ni àwọn olùkọ́ Ìjọ Lutheran máa ń tọ́ka sí. Nínú Ìhìn Rere ti Jòhánù, orí 20, Jésù tí ó ti jíǹde mí sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fún wọn ní àṣẹ láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì àti láti dá a dúró. Nínú Mátíù orí 16 àti orí 18, a fi àṣẹ yìí wé kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run àti wé ìdè àti ìtúsílẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà "Iṣẹ́ Kọ́kọ́rọ́" ti wá. Ìwé Jákọ́bù orí 5 rọ àwọn onígbàgbọ́ láti jẹ́wọ́ fún ara wọn kí wọ́n sì gbàdúrà fún ara wọn, nígbà tí Ìwé Kìíní ti Jòhánù orí 1 kọ́ni pé ẹni tí ó bá sọ pé òun kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn Sáàmù tí Dáfídì fi ronú pìwà dà, pàápàá Sáàmù 32 àti 51, sì ti fún ìlànà ìsìn ní púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ kan tí ó ṣe pàtàkì fún àríyànjiyàn tí yóò tẹ̀ lé e wà nínú Sáàmù 19, níbi tí olórin ti bèèrè pé ta ni ó lè mọ gbogbo àṣìṣe ara rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Augsburg gbé ìdáhùn rẹ̀ ka orí ẹsẹ yìí: bí ènìyàn kò bá lè mọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, a kò lè fi dandan lé e pé kí ó kà gbogbo wọn tán kí a tó dárí jì í.

Ohun tí ó wà ṣáájú Luther

Ní ọdún 1215, Ìgbìmọ̀ Kẹrin ti Lateran, tí Póòpù Innocent Kẹta pè jọ ní Róòmù, pàṣẹ pé kí olúkúlùkù Kristẹni tí ó ti dé ọjọ́ orí òye lọ jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àlùfáà rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n kọ fún àwọn àlùfáà lẹ́yìn náà pín ẹ̀ṣẹ̀ sí oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n sì to ìbéèrè tí a ó máa bi ẹni tí ó wá jẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, àlùfáà a máa yan iṣẹ́ ìrònúpìwàdà fún un, bí àdúrà, àwẹ̀ tàbí ìrìn àjò sí ibi mímọ́.

Nínú ètò yìí ni ìwé ìdáríjì ti rí ààyè. Wọ́n ń tà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń dín ìyà tí ó kù fún ẹlẹ́ṣẹ̀ kù, yálà ní ayé yìí tàbí ní Pọ́gátórì. Títa tí Johann Tetzel ń tà á nítòsí Wittenberg ni ó mú kí Luther, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìlú náà àti olùgbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn ará ìjọ, gbé àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún-dín-lọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1517. Kókó àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé ìrònúpìwàdà kì í ṣe ohun ìgbà kan, gbogbo ọjọ́ ayé onígbàgbọ́ ni ó ń gbà. Nítorí náà, a lè sọ pé láti inú ọ̀ràn ìjẹ́wọ́ àti ìdáríjì ni Àtúnṣe Ìjọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà nínú ìsìn àtijọ́ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú owó tàbí dandan. Kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ Máàsì, òun àti àwọn ìránṣẹ́ pẹpẹ a máa gba àdúrà ìjẹ́wọ́ kan ní èdè Látìnì, tí a ń pè ní Confiteor, tí wọ́n fi ń jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run àti fún ara wọn. Àwọn Lutheran gba àdúrà yìí kúrò lọ́wọ́ àwọn àlùfáà nìkan, wọ́n sì fi í lé gbogbo ìjọ lọ́wọ́. Ìlànà Máàsì ní èdè Sweden tí Olaus Petri tẹ̀ jáde ní ọdún 1531, tí ó fi ìjẹ́wọ́ gbogbo ìjọ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn, wà lára àwọn àpẹẹrẹ àkọ́kọ́.

Ìpinnu Wittenberg

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1521, nígbà tí Luther ṣì wà ní ibi ìfarapamọ́ rẹ̀ ní ilé olódi Wartburg, Andreas Karlstadt pín Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún àwọn ènìyàn ní Wittenberg láìbèèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìrúkèrúdò bá ìlú náà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Luther padà ní oṣù Kẹta ọdún 1522, ó sì wàásù fún ọjọ́ mẹ́jọ léraléra. Ìjẹ́wọ́ ni ó fi wàásù ọjọ́ kẹjọ. Ohun méjì ni ó sọ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn: pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi agbára mú ènìyàn lọ jẹ́wọ́, àti pé òun fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ òun, nítorí ó ti mọ irú ìtùnú tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e pa ọ̀rọ̀ méjì yìí mọ́ pọ̀. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Augsburg, ní abala 11, sọ pé kí ìtúsílẹ̀ ìkọ̀kọ̀ máa bá a lọ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n pé kíka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe dandan. Abala 25 fèsì fún àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn Lutheran ti pa ìjẹ́wọ́ rẹ́. Ìwé Ìgbèjà tí Philipp Melanchthon kọ ní ọdún 1531 lọ síwájú sí i: ó ka ìtúsílẹ̀ mọ́ sákírámẹ́ǹtì, pẹ̀lú ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Luther fúnra rẹ̀ sábà máa ń ka sákírámẹ́ǹtì sí méjì, nítorí pé ó gbà pé ìrònúpìwàdà kì í ṣe ohun mìíràn ju pípadà sí ìrìbọmi lọ.

Ìrànlọ́wọ́ tí Kátíkísìmù Kékeré ṣe fún àwọn ará ìjọ tí kò kàwé púpọ̀ yẹ ní kíkíyèsí. Ọdún 1529 ni ìwé náà jáde; nínú àtúntẹ̀ ọdún 1531, apá tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìjẹ́wọ́ wà láàárín ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Dípò àkójọ gígùn ti oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀, ó ní kí olúkúlùkù wo ipò rẹ̀ nínú ìgbésí ayé ní ìmọ́lẹ̀ Òfin Mẹ́wàá: ṣé bàbá ni, ṣé ìyá, ṣé ọmọ, ṣé ọ̀gá, ṣé ìránṣẹ́, ṣé ó ti ṣe àìgbọràn, ṣé ó ti ya ọ̀lẹ, ṣé ó ti fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe pa ẹnìkan lára, ṣé ó ti jalè tàbí ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́. Ìránṣẹ́ ilé lè jẹ́wọ́ pé òun kò ṣe olóòótọ́ sí ọ̀gá òun. Ọ̀gá náà lè jẹ́wọ́ pé òun kò tọ́ àwọn ará ilé òun sọ́nà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń dà á láàmú ni kí ó sọ. Kí ó má ṣe máa wá òmíràn kiri tàbí kí ó hùmọ̀ rẹ̀.

Àríyànjiyàn Nuremberg

Bí ìjẹ́wọ́ gbogboogbò ṣe ń tàn kálẹ̀, ìbéèrè dìde bóyá ó tọ́. Ní Nuremberg, ó jẹ́ àṣà pé lẹ́yìn ìwàásù kí ìjọ lápapọ̀ jẹ́wọ́, kí a sì kéde ìtúsílẹ̀ fún gbogbo wọn. Andreas Osiander, oníwàásù pàtàkì nínú ìlú náà, tako àṣà yìí. Ó ní àlùfáà kò mọ ẹni tí ó ronú pìwà dà àti ẹni tí kò ronú pìwà dà láàárín èrò. Bí ó bá kéde ìdáríjì fún gbogbo wọn, ó ń fi fún àwọn tí kò wá a pẹ̀lú, àwọn ènìyàn yóò sì fi ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú Nuremberg kọ̀wé sí Wittenberg fún ìmọ̀ràn. Èsì tí Luther àti Melanchthon fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1533 ni pé kí wọ́n pa méjèèjì mọ́. Ìwàásù Ìhìn Rere fúnra rẹ̀, ni wọ́n wí, jẹ́ ìtúsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń gbọ́. Bí a kò bá lè kéde ìdáríjì níwájú èrò, a kò lè wàásù pẹ̀lú. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ kò ní í jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n àìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ náà di irọ́. Síbẹ̀, wọ́n gbà pé kí ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ wà, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń kan ẹnìkan ní tààrà, tí kò fi lè rò pé ẹlòmíràn ni a ń bá wí.

Osiander kò gbà. Ìlànà Wittenberg ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń tẹ̀ lé lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí Osiander bẹ̀rù náà sì ṣẹlẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ti gbogboogbò rọ́pò ti ìkọ̀kọ̀ pátápátá.

Bí ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ ṣe rẹ̀yìn, tí ó sì tún padà

Ìyípadà yìí kò ṣẹlẹ̀ lọ́gán. Fún nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn Àtúnṣe Ìjọ, àga ìjẹ́wọ́ wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ìsìn Lutheran ní Jámánì, àwọn ènìyàn a sì máa lọ bá àlùfáà kí wọ́n tó gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n ó di àṣà lásán níbi púpọ̀. Ẹni tí ó wá a máa ka ọ̀rọ̀ tí ó ti há sórí, àlùfáà a máa sọ ìtúsílẹ̀ tí òun náà ti há sórí, a sì máa fún àlùfáà ní owó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Beichtpfennig, èyíinì ni kọ́bọ̀ ìjẹ́wọ́. Ìjọ tí ó bẹ̀rẹ̀ nípa títako owó nínú ọ̀ràn ìdáríjì wá ní owó tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àga ìjẹ́wọ́.

Ní Berlin, Johann Caspar Schade, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà Ṣọ́ọ̀ṣì Nikolai, kò lè fara da a mọ́. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó máa tú àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ láìmọ̀ bóyá wọ́n ronú pìwà dà, ó sì wàásù tako àga ìjẹ́wọ́ ní gbangba. Àríyànjiyàn náà dé ọ̀dọ̀ Friedrich Kẹta, aláṣẹ ilẹ̀ Brandenburg, ẹni tí ó pàṣẹ ní ọdún 1698 pé ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan mọ́. Láàárín ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, àga ìjẹ́wọ́ pòórá nínú ọ̀pọ̀ ilé ìsìn Lutheran.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Wilhelm Löhe, àlùfáà abúlé Neuendettelsau ní Bavaria, tún un gbé dìde láàárín àwọn ará ìjọ rẹ̀, láìfi dandan kún un. Ní ọ̀rúndún ogún, Dietrich Bonhoeffer mú un wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà tí ó ń darí ní Finkenwalde láàárín ọdún 1935 sí 1937, nígbà ìjọba Hitler. Ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan lórí ìgbé ayé àjùmọ̀ṣe àwọn Kristẹni, tí ó jáde ní ọdún 1939. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run ní ìkọ̀kọ̀ ọkàn rẹ̀ nìkan lè máa dárí ji ara rẹ̀ láìmọ̀, nítorí náà ó dára kí arákùnrin kan wà tí yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò ti inú ara rẹ̀ jáde.

Bí a ṣe ń ṣe é nínú ìsìn lónìí

Ìwé ìlànà ìsìn yàtọ̀ láti ìjọ sí ìjọ, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ inú ìjẹ́wọ́ gbogboogbò jọ ara wọn. Àlùfáà a bẹ̀rẹ̀ ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ri olúkúlùkù bọmi. Nínú àwọn ìjọ kan, ẹ̀bá ọpọ́n omi ìrìbọmi ni ó ti ń sọ ọ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè hàn. Yóò pe ìjọ láti jẹ́wọ́, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ láti inú Ìwé Kìíní ti Jòhánù. Ìdákẹ́jẹ́ a tẹ̀ lé e. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe àlàfo. Inú rẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń rántí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ gan-an, kí ọ̀rọ̀ gbogboogbò tí ẹnu fẹ́ sọ lè ní ohun tí ó dì mú.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ, lórí ìdúró tàbí lórí ìkúnlẹ̀, yóò sọ àdúrà ìjẹ́wọ́ pọ̀. Àdúrà náà kì í dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ èrò, ti ọ̀rọ̀ àti ti ìṣe. Ohun tí a ṣe àti ohun tí a fi sílẹ̀ láìṣe. Àìfẹ́ràn Ọlọ́run àti àìfẹ́ràn ọmọnìkejì. Ó tún ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ jinlẹ̀ ju ìṣe lọ, pé ó wà nínú ìwà ènìyàn, tí kò sì sí ẹni tí ó lè fi agbára ara rẹ̀ já a. Lẹ́yìn èyí ni àlùfáà yóò kọjú sí ìjọ tí yóò sì kéde ìtúsílẹ̀, ìjọ yóò sì dáhùn pé Àmín. Nínú ẹ̀kọ́ Lutheran, Àmín yìí ni ìgbàgbọ́ tí ń na ọwọ́ láti gba ohun tí a fi fún un.

Oríṣi ìtúsílẹ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú èkíní, àlùfáà a sọ pé, nípa iṣẹ́ tí a pè é sí àti ní ipò Kristi, òun dárí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jì wọ́n. Nínú èkejì, ó ń kéde pé Ọlọ́run dárí jì wọ́n, tàbí ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ó sábà máa ń bọ́ sí ẹnu ẹni tí kò tíì gba oyè àlùfáà nígbà tí ó bá ń darí ìsìn. Àwọn tí èkíní ń kọ lóminú máa ń bèèrè bí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn Ìjọ Lutheran ni pé àṣẹ náà kì í ṣe ti àlùfáà: ó dà bí ìránṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́ ọba, ohùn ni ti ìránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ni ti ọba. Nítorí náà, ìwà mímọ́ tàbí àìmọ́ àlùfáà kò fi kún un, kò sì mú un dínkù.

Kàlẹ́ńdà ìjọ náà ń nípa lórí rẹ̀. Nínú àwọn ìwé ìsìn tí Lutheran ní Amẹ́ríkà ń lò láti ọdún 1978, ìjẹ́wọ́ gígùn kan wà fún Ọjọ́rú Eérú, tí Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀, láìsí ìtúsílẹ̀ kíkún lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, èyí tí ó ṣáájú ikú Jésù, ni a tó ń kéde rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú gbígbé ọwọ́ lé orí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Gbogbo Lẹ́ńtì dúró láàárín ìjẹ́wọ́ àti ìdáríjì, kí ìjọ lè mọ̀ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe ṣe iyebíye tó.

Ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ àti àṣírí rẹ̀

Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ kan bá ń wúwo lórí rẹ̀ lè bèèrè pé kí àlùfáà gbọ́ òun ní ìkọ̀kọ̀. Ìlànà rẹ̀ kúrú. Yóò sọ ohun tí ó ń dà á láàmú, àlùfáà lè gbà á nímọ̀ràn láti inú Ìwé Mímọ́, yóò sì bi í bóyá ó gbà gbọ́ pé ìdáríjì tí òun fẹ́ kéde jẹ́ ìdáríjì Ọlọ́run. Bí ó bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àlùfáà yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò sì tú u sílẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ìrònúpìwàdà tí a ń yàn gẹ́gẹ́ bí owó orí ìdáríjì.

Nínú ọ̀pọ̀ Ìjọ Lutheran, àlùfáà ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ tí ó gba oyè pé òun kò ní tú àṣírí ohun tí a bá jẹ́wọ́ fún òun. Ṣùgbọ́n ìtúsílẹ̀ kò rọ́pò àtúnṣe. Ẹni tí ó jalè ní láti dá ohun tí ó jí padà. Ẹni tí ó ba ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ́ ní láti lọ bá a. Ẹni tí ó rú òfin ìlú kò bọ́ lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ nítorí pé ó ti jẹ́wọ́ fún àlùfáà. Ìtúsílẹ̀ kan ipò rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Àtúnṣe kan ohun tí ó jẹ ọmọnìkejì rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìjọ máa ń to wọn tẹ̀ léra báyìí: a kò tún nǹkan ṣe kí a lè rí ìdáríjì gbà, a rí ìdáríjì gbà, nítorí náà a lè tún nǹkan ṣe láìbẹ̀rù.

Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí ń ṣí, ọ̀kan sì wà tí ń tì. Ẹni tí ó bá ń yangàn nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tí kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ni ìjọ lè sọ fún pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí ó sì dá a dúró láti má ṣe gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Mátíù orí 18 ni ìlànà rẹ̀: kí ẹnìkan kọ́kọ́ lọ bá a, lẹ́yìn náà ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ìjọ. Ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ ni kí ó padà, kì í ṣe kí ó lọ.

Nígbà tí ìjọ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́

Ìjẹ́wọ́ lè kan ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn baba ńlá ìjọ ṣẹ̀. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Augsburg dá ẹ̀kọ́ àwọn Anabaptist lẹ́bi, àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ̀ láti máa ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn aláṣẹ tí wọ́n jẹ́ Lutheran pa nínú wọn, Luther àti Melanchthon sì kọ̀wé láti gbe irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Keje ọdún 2010, ní àpéjọ kọkànlá ti Àjọ Lutheran Àgbáyé ní Stuttgart, àwọn aṣojú láti gbogbo ayé tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn Mennonite, tí wọ́n jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn Anabaptist nínú ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sí ìpinnu náà. Danisa Ndlovu láti Zimbabwe, ààrẹ Àpéjọ Mennonite Àgbáyé, ni ó dáhùn ní orúkọ àwọn tí a ṣẹ̀, àwọn Mennonite sì fún àwọn Lutheran ní ọpọ́n igi tí wọ́n fi ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn nínú ìsìn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí tẹ̀ lé ètò kan náà tí ìjọ kékeré ń tẹ̀ lé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú: wọ́n sọ òtítọ́ láìṣe àwáwí, wọ́n sì dúró de ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè sọ fún ara wọn.

Ní Nàìjíríà

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ẹ̀kọ́ yìí gbà dé Nàìjíríà. Ní ọdún 1913, Niels Brønnum, ará Denmark, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìn rere ní Numan, ní etí odò Benue, ní ìpínlẹ̀ tí ó ń jẹ́ Adamawa lónìí. Iṣẹ́ yìí ni ó di Ìjọ Lutheran ti Kristi ní Nàìjíríà, tí olú ilé rẹ̀ ṣì wà ní Numan, tí ó sì ń lo èdè Haúsá gidigidi nínú ìsìn rẹ̀. Musa Panti Filibus, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ náà, ni ààrẹ Àjọ Lutheran Àgbáyé láti ọdún 2017 sí 2023. Ọ̀nà kejì ni ti Ìbẹsikpò, ní ìpínlẹ̀ tí ó ń jẹ́ Akwa Ibom lónìí. Àwọn ará ibẹ̀ ti rán ọmọ wọn, Jonathan Udo Ekong, lọ sí Amẹ́ríkà láti kẹ́kọ̀ọ́ kí ó sì wá ìjọ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1936, Henry Nau dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn Ìjọ Lutheran Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Synodical Conference. Ìjọ Lutheran ti Nàìjíríà, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Obot Idim, ti ibẹ̀ jáde.

Orísun méjì yìí kò ní àṣà kan náà. Ní Denmark, àdúrà ìwọlé kúkúrú ni ó ń ṣí ìsìn ọjọ́ Àìkú; ìjẹ́wọ́ jẹ́ ìsìn kan tí a ń ṣe lọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí àwọn kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ wọn jẹ́ àlùfáà tí Löhe rán láti Neuendettelsau, ìjẹ́wọ́ gbogboogbò pẹ̀lú ìtúsílẹ̀ láti ẹnu àlùfáà ni ó wà ní iwájú ìsìn nínú ìwé orin wọn ti ọdún 1941. Ìyàtọ̀ yìí kò ya ẹ̀kọ́ wọn, nítorí pé Kátíkísìmù kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Yorùbá tí ó mọ ìsìn Áńgílíkà yóò rí ohun tí ó jọ tirẹ̀ níhìn-ín. Láti ọdún 1552 ni Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìjẹ́wọ́ gbogboogbò àti ìtúsílẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀, àwọn olùtumọ̀ sì gbé e wọ èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tí ó ti Ìjọ Àgùdà wá yóò rí ohun tí ó jọ tirẹ̀ nínú ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀, àyàfi pé kò sí dandan kíka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí ó ṣì kù

Ìbéèrè Osiander kò tíì kúrò nílẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn Lutheran ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí a ń kà pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti rọrùn jù, pé ẹnu ń sọ ọ́ nígbà tí ọkàn wà ní ibòmíràn, àti pé ẹni tí ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lè fara pamọ́ sáàárín ohùn ìjọ. Àwọn mìíràn ń sọ pé ìjẹ́wọ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń fi ìbànújẹ́ bo ìsìn tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ayọ̀. Nítorí wọn ni àwọn ìwé ìsìn tuntun, bí èyí tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006, fi fún ìjọ ní àǹfààní láti fi ìdúpẹ́ fún ìrìbọmi rọ́pò rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ kan.

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti Wittenberg: kí méjèèjì wà. Ti gbogboogbò ń rán ìjọ létí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, títí kan ẹni tí ó dúró níwájú pẹpẹ, tí kò nílò ìdáríjì. Ti ìkọ̀kọ̀ wà fún ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tí a sọ fún gbogbo ènìyàn kò bá tó ẹnìkan láti sùn. Ibi tí àlùfáà kò bá sì sí nítòsí, ẹ̀kọ́ Lutheran kò sọ pé ọ̀nà ti dí. Nínú àwọn Abala Smalcald ti ọdún 1537, Luther ka ọ̀rọ̀ ìtùnú tí arákùnrin ń sọ fún arákùnrin mọ́ àwọn ọ̀nà tí Ìhìn Rere ń gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Kristẹni èyíkéyìí tí ó bá gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lè sọ fún un ní orúkọ Kristi pé a ti dárí jì í, ẹni tí ó gbọ́ ọ sì lè gbé ara lé e.